Lọ́ńdìrì Ìyá Mínjì àti Ṣọ́ọ̀bù Kén

Ẹ dín ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn kù díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ pa á o, mo mọ̀ pé ẹ kò tíì mọ èwo nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì ni ọmọbìnrin Korea yẹn máa fẹ́. Mo kàn fẹ́ kí etí yín ráyè gbọ́ tèmi ni. Àná la ṣe Iléyá, ẹran ṣì kún firíìjì ìyá yín dẹ́nu, síbẹ̀ ẹ gbé mọ́tò, ẹ lọ ra oúnjẹ wá láti mall. Mo wo inú ike tí Súmáyà ṣí. Ìrẹsì tí àwọn ará Japan fi ewé òkun wé wà lápá kan, kábéèjì aláta pupa ti àwọn ará Korea wà lápá kejì, omi ìkan sì ti ṣàn mọ́ ìkejì lára. Mo bú sẹ́rìn-ín. Súmáyà ní, "Grandpa, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa fún un, nǹkan wà níbẹ̀.

Mo mọ bàbá kan tí kò ní gbà kí oúnjẹ méjèèjì yẹn gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé, ká má tiì sọ pé kí wọ́n jọ wà nínú ike kan. Kì í ṣe òkèèrè ni mo ti mọ̀ ọ́n. Snellville níbí ni. Ẹ mọ ilé gbọọrọ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ lọ bẹẹrẹ, tí àwọn èèyàn ń kó ẹrù tí wọn ò lò mọ́ pamọ́ sí, tí a máa ń kọjá tí a bá ń gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín? Kó tó di ilé ẹrù, ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀. Lọ́ńdìrì ló wà ní ìparí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìyá yín ti máa ń ṣe homework rẹ̀ lórí ìdì aṣọ tí a kò tíì fọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ aṣọ lílọ̀. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mo ń sọ. Ẹ ó yọ ṣẹ́ẹ̀tì nínú dryer, ẹ ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó wọ̀ ọ́ jókòó síwájú kọ̀mpútà, ẹni tó wà ní òdìkejì ò sì rí ju ọrùn yín lọ. Nígbà tiwa, ẹni tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì ní Atlanta gbọ́dọ̀ ní ìlà lápá ṣẹ́ẹ̀tì, ìlà tó lè gé búrẹ́dì. Kí aago méje àárọ̀ tó lù, a ti tan bọ́ìlà. Á kọ́kọ́ máa kùn, á wá máa gbọ̀n, lẹ́yìn náà ooru omi á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nínú páìpù. A ní ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan tí a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á pa ẹnu dé, á mí kanlẹ̀, ooru á sì bò ọ́ lójú. Hángà á máa kọ lu ara wọn lórí irin gígùn tó yí òkè ká, agogo kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà á máa dún. Aṣọ nọ́ọ̀sì ń wọlé, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Lithonia ń wọlé, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ará báńkì ń wọlé. Àwọn èèyàn wa náà máa ń gbé agbádá wá, torí wọ́n ti gbọ́ pé Yorùbá kan wà níbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi sítáàṣì sí i kó lè dúró. Èmi náà nìyẹn. Mi ò ní torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́ fún yín, mo mọ iṣẹ́ náà dáadáa.

Ìyá Mínjì ló ni lọ́ńdìrì. Ará Korea ni, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń yára rìn bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bi í pé kí ni kí n máa pè é. Ó ní òun bí ọmọbìnrin kan, Mínjì lorúkọ rẹ̀, Ìyá Mínjì sì ni àwọn èèyàn òun ń pe òun. Mo ní bẹ́ẹ̀ làwa náà ń ṣe. Ó bi mí léèrè orúkọ àkọ́bí mi, mo ní Rùkáyátù, ìyá yín nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Bàbá Rùká lẹ́nu rẹ̀. Tí àkókò ìrun bá tó, á na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ibi tí a ń kó kóòtù òtútù sí, ó ti gbá a, ó sì ti tẹ́ aṣọ mímọ́ síbẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Òun ló rí i fúnra rẹ̀ pé mò ń wá ibi tí mo lè kírun sí.

Bàbá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ lé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Hàràbójì la máa ń pè é, ìyẹn ni bàbá àgbà lédè wọn. Bọ́tìnnì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Á jókòó sórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa rán bọ́tìnnì tó ti já, á sì máa tú àpò aṣọ wò kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Ó rí bírò, ó rí kọ́kọ́rọ́, ó rí bisikíìtì. Lọ́jọ́ kan, ó yọ eyín àtọwọ́dá nínú kóòtù pásítọ̀ kan. Pásítọ̀ náà wá gbà á, ọwọ́ ló fi bo ẹnu wọlé, ọwọ́ náà ló fi bo ẹnu jáde, Hàràbójì ò sì lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí ẹ̀rín.

Ọdún tuntun tiwọn kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti àwọn ará ibí, àárín òtútù ló máa ń dé. Mínjì á wọ aṣọ aláwọ̀ mèremère, á kúnlẹ̀ fún bàbá àgbà rẹ̀, á fi iwájú orí kanlẹ̀, Hàràbójì á sì wúre fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ara mi ò gbà á. Mo bọ́ síwájú bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀ lọ́ńdìrì. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó béèrè bóyá mo ṣubú ni. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó dìde, ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká, ó wá wúre gígùn kan tí mi ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, èmi sì ń ṣe àmín lọ. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ò tó nǹkan, tèmi náà ò ṣeé fi yangàn, síbẹ̀ a kì í dákẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí Iléyá bá dé, màá gbé ẹran wá fún un, á jẹ ẹ́, á lá ìka. Tí ọdún ìkórè tiwọn bá dé nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Ìyá Mínjì á di ìrẹsì lílọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi nǹkan dídùn sí nínú fún mi, ìyá yín á sì jẹ ẹ́ tán nínú mọ́tò kí n tó délé.

Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù Kén. Ará Japan ni Kén, núdù ló ń tà. Èèyàn tín-ín-rín ni, ó máa ń so ìnura mọ́rí, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Eegun ẹlẹ́dẹ̀ ló fi ń se ọbẹ̀ núdù rẹ̀, mi ò sì lè jẹ ẹ́. Mo sọ fún un, kò bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó ti ra ìkòkò tuntun, ó ní tèmi nìyẹn, kò ní sí nǹkan tó máa wọ inú rẹ̀ ju ẹja àti ẹ̀fọ́ lọ. Gbogbo Thursday ni mo ń jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kén àti Ìyá Mínjì máa ń kíra níta, wọ́n á tẹrí ba díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Kén bá kọjá níwájú fèrèsé wa, Hàràbójì á dìde, á yí àga rẹ̀ padà, á kọ ẹ̀yìn sí ìta. Kì í bú u, kì í sì í bá a jà. Á kàn kọ ẹ̀yìn sí i, á máa rán bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. Kén náà mọ̀. Ọ̀nà Stone Mountain ló ń gbé aṣọ rẹ̀ lọ fọ̀, nígbà tí lọ́ńdìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí gbogbo èyí, mo pè é ní ìjà aládùúgbò. Mo tún wá sọ fún ara mi pé Yorùbá ni mí, kò sí irú ìjà bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ wá pẹ̀lú ìkíni. Ibi tí Yorùbá bá dé, bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ fẹ́ kọ́. Ojú mi ò tíì là nígbà yẹn. Mo wo Kén, mo wo Hàràbójì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì làwọn méjèèjì fi ń jẹun, àwọn méjèèjì ń tẹrí ba, mo gbà pé bí Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni wọ́n rí. Mo lọ bá Kén, mo ní kó kọ́ mi bí ọmọdé ṣe ń kí àgbà ní ìlú wọn. Ó kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi há a sórí, mo ń wí i nínú mọ́tò láti Lithonia títí dé Snellville. Nígbà tó di àárọ̀ Monday, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Hàràbójì, mo sì fi èdè Japan kí i. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni mo fi kí i.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Mo wà nílẹ̀, mò ń retí ìre, n kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ó ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Inú mọ́tò ọmọ rẹ̀ ló lọ jókòó sí, kò sì wọlé títí a fi ṣíwọ́.

Ìyá Mínjì ní, "Bàbá Rùká, ta ló rán yín níṣẹ́ yẹn?" Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, mo fẹ́ mú inú bàbá dùn ni. Ó wò mí, ó rí i pé n kò mọ nǹkan kan lóòótọ́, ó bá jókòó sórí ìdì aṣọ. Ó ní àwọn ará Japan ló ń jọba lé Korea lórí nígbà tí bàbá òun wà lọ́mọdé. Mo ní òyìnbó náà jọba lé wa lórí. Ó ní, "Mo mọ̀. Àwọn ará Japan kó ìrẹsì oko ilé bàbá mi lọ. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí Japan pé kó lọ máa wa èédú, kò padà wálé. Bàbá mi kì í sọ ọ́. Ìyá mi ló sọ fún mi kó tó kú." Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Hàràbójì ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ ò mọ bí lọ́ńdìrì ṣe máa ń dákẹ́ tó tí ọ̀rẹ́ ẹni bá ń bínú, bí bọ́ìlà tiẹ̀ ń pariwo. Mo wá rò ó pé ẹ̀bẹ̀ ló kù. Nílé wa, tí bàbá ẹni bá ṣẹ èèyàn, ọmọ ilé ló ń lọ tọrọ àforíjì, kò dìgbà tó bá jẹ́ pé òun ló ṣẹ̀. Mo lọ bá Kén, mo ní kó jẹ́ ká lọ bẹ bàbá. Kén ní, "Kí ni mo ṣe?" Mo ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Wọn kì í wádìí ìyẹn tí wọ́n bá fẹ́ bẹ àgbà." Ó tú ìnura orí rẹ̀, ó ra èso sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọlé. Èmi dọ̀bálẹ̀ lápá ọ̀tún, Kén kúnlẹ̀ lápá òsì, ó fi iwájú orí kanlẹ̀, apẹ̀rẹ̀ èso wà láàárín. Nọ́ọ̀sì kan láti Lithonia wá gba aṣọ rẹ̀, ó bá wa nílẹ̀, ó ní ṣé kí òun bá wa pe ambulance. Hàràbójì wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Ọmọ yìí kò ṣẹ̀ mí. Àwọn tó ṣẹ̀ mí ò sí níbí. Kí ló wá ń bẹ̀ mí fún? Sọ fún un kó dìde, kó lọ máa se núdù rẹ̀." Ó tún ní, "Ìwọ náà dìde. Kóòtù pọ̀ nílẹ̀." Bó ṣe dárí jì mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kén dìde, kò wo ojú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan èso náà. Kén ò wọ lọ́ńdìrì wa mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, n kò sì bá wọn dá sí i mọ́.

Ìgbà tó yá, bàbá Kén kú ní Japan, Kén sì lọ gbé ìyá rẹ̀ wá. Màmá kékeré kan ni, ìmọ́tótó rẹ̀ pọ̀, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé iyè rẹ̀ ti ń ra. Á jẹun tán, á tún béèrè oúnjẹ. Á máa wá ọkọ rẹ̀ kiri. Kén ò níyàwó, kò sì sẹ́ni tó lè fi ìyá rẹ̀ tì, ló bá ń gbé e jókòó sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa fi ojú kan ṣọ́ ọ, á fi ojú kejì ṣọ́ ìkòkò. Lẹ́ẹ̀mejì ni màmá náà jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbẹ́ Highway 78 ni wọ́n ti rí i, tí mọ́tò ń sá kọjá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Thursday tó tẹ̀ lé e, Kén gbé núdù mi wá, ó wá jókòó síwájú mi, kì í jókòó tẹ́lẹ̀. Ó ní dókítà ti sọ fún òun pé tó bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun mú un lọ sí nursing home. Ó ní, "Tí mo bá mú un lọ síbẹ̀, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ ohun tó ń sọ títí tó fi máa kú. Ta ló máa mọ̀ bóyá omi ló fẹ́ mu?" Ara mi ni mò ń rò. Mò ń rò ó pé tó bá jẹ́ èmi ni mo darúgbó tí mo gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wá gbé mi sáàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá ńkọ́? Má yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi, Súmáyà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Oṣù July ni, oòrùn Georgia tó máa ń mú ọ̀dà ilẹ̀ rọ̀. Kén ti lọ ra ẹja, ó fi ìyá rẹ̀ ti ọmọbìnrin tó ń bá a gbé oúnjẹ fún oníbàárà. Mo gbọ́ hóònù, mo wo ìta, mo rí Màmá Kén tó jókòó sórí ọ̀dà gbígbóná láàárín parking lot, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́, mọ́tò ńlá kan dúró síwájú rẹ̀. Èmi àti Ìyá Mínjì sáré jáde. A fẹ́ gbé e dìde, ó figbe ta, ó ha mí lápá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún wí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin yẹn ń pe Kén lórí fóònù, Kén ò gbé e. Ẹni tó wà nínú mọ́tò ní òun ti pe ambulance. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn, kò tún ní padà sí ilé ọmọ rẹ̀ mọ́.

Hàràbójì jáde. Agbòjò kan ló mú lọ́wọ́, agbòjò tí oníbàárà kan gbàgbé, ó ń fi sílípáàsì wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Ó dúró ti màmá náà, ó na agbòjò bò ó. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èdè tí mo há sórí láti Lithonia ló sì fi sọ ọ́. Ìyá Mínjì di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá mi ò gbọ́ èdè yẹn. Bàbá mi ò gbọ́ ọ." Bàbá rẹ̀ sì ń sọ ọ́ lọ geere níwájú rẹ̀.

Màmá dákẹ́ igbe. Ó gbójú wò ó, ó sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn ni Hàràbójì tó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Màmá ní ilé ìwé ti jáde, òun ń dúró de ìyá òun. Hàràbójì ní ìyá rẹ̀ ló rán òun pé oòrùn ti pọ̀ jù, kó wá dúró sábẹ́ òrùlé. Màmá na ọwọ́ sí i bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe, ó dìde, ó tẹ̀ lé e wọ lọ́ńdìrì. Nígbà tí ambulance dé, tíì ló ń mu. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, wọ́n lọ. Kén sáré dé, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Mo rò pé mo máa ní láti fà á ni. Hàràbójì ò gbójú kúrò lára bọ́tìnnì tó ń rán, ó kàn fi èdè Japan sọ fún un pé kó wọlé, kó wá jókòó ti ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọmọ rẹ̀ bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ èdè náà. Ó ní ilé ìwé ni. Pàṣán ni wọ́n fi kọ́ wọn. Tí ọmọ bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú kíláàsì, wọ́n á nà án. Mo ní àwa náà jẹgba nítorí Yorùbá. Ó bi mí bóyá wọ́n gba orúkọ wa pẹ̀lú. Mo ní rárá o. Ó ní wọ́n gba tòun, wọ́n fún òun ní ti Japan. Ó sọ orúkọ náà fún mi, ó sì ní kí n má tún fi ẹnu mi pè é, n kò sì ní pè é fún yín. Ọjọ́ tí ìjọba wọn kúrò ní Korea, ó búra pé òun ò ní sọ èdè yẹn mọ́ láyé. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti ń pa á mọ́. Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ sọ ọ́ lónìí?" Ó ní, "Ọmọ ilé ìwé ni mo bá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn. Kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí Kén máa mú ìyá rẹ̀ wá láràárọ̀. A gbé àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Hàràbójì da bọ́tìnnì sínú àwo fún un pé kó máa ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, màmá tí kò rántí pé òun ti jẹun sì ń ya bọ́tìnnì funfun sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó funfun díẹ̀ sí i. Wọ́n máa ń jà nítorí bọ́tìnnì. Ẹ máa gbọ́ arúgbó méjì tí wọ́n ń fi èdè Japan bú ara wọn ní Snellville, tí èmi sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Aṣọ Kén bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ mi, mo ń lọ̀ ọ́. Núdù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. Lọ́jọ́ kan, Hàràbójì da kábéèjì aláta rẹ̀ sínú ọbẹ̀ náà, ó jẹ ẹ́, ó ní ní báyìí ó ti di oúnjẹ. Ìgbà yẹn ni mo ti rí ohun tó wà nínú ike yín. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nursing home. Òtútù ọdún kẹta ló gbé màmá náà lọ, ó sùn kò jí, nínú yàrá ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ ti lọ báyìí. Ìyá Mínjì wà lọ́dọ̀ Mínjì ní Texas, Kén ti dẹ́kun iṣẹ́, bọ́ìlà wa, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n tà á fún. Àwọn ọmọ yín á jẹ oúnjẹ méjèèjì pọ̀, wọn ò ní bi yín léèrè nǹkan kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó padà sídìí tẹlifíṣọ̀n yín.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí màmá mu tíì tán, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó tẹrí ba, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì béèrè ti Hàràbójì. Nínú èdè tí wọ́n ń sọ yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, kò sì sọ ìyẹn. Ó wá ní, "Yọ́ńgsù." Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, màmá gbàgbé orúkọ Kén, ó gbàgbé tirẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, tó bá ti wọlé, á tẹrí ba, á pe Yọ́ńgsù, á sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kékeré tí wọ́n máa ń fi kún orúkọ sí i. Ẹ rò ó wò. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àwọn tí wọ́n jọ dàgbà ti kú. Ọmọ rẹ̀ ò lè pè é lórúkọ, Mínjì ò jẹ́ dán an wò, èmi náà ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ní gbogbo Georgia, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pe bàbá yẹn lórúkọ rẹ̀, obìnrin ará Japan sì ni. Tó bá ti pè é, Hàràbójì á fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á gbórí sókè, á sì dáhùn.